Ẹja Tútù, Ẹja Àìsè: Ọ̀rọ̀ Lórí Sushi àti Ẹnu Tiwa

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tútù, ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún. Omi tí kò gbóná, tútù ni. Aṣọ tí òjò pa, tútù ni. Ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, tútù ni. Ẹran tí iná kò tíì kàn, tútù ni. Ẹja tí ó ti òkèèrè wá nínú páálí, tí ó le bí òkúta, òun náà ni àwọn ìyá wa ní ọjà Igolo ń kígbe pé ẹja tútù. Èdè Faransé kò gba irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀: froid, mouillé, frais, cru, congelé, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ifangni, mo máa ń rí wàhálà yìí nínú ìwé wọn. Bí a bá ní kí wọ́n túmọ̀ poisson cru, ẹja tútù ni wọn yóò kọ. Ẹni tí ó bá sì ka ìtumọ̀ náà yóò rò pé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni gbogbo ará Igolo ti ń jẹ sushi.

Ọ̀rọ̀ sushi kò jìnnà sí wa mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti rí i nínú eré àwòrán àwọn ará Jàpáánì tí wọ́n ń wò lórí fóònù. Àwọn tí ó bá sì lọ sí Cotonou, sí Èkó tàbí sí Paris tí wọ́n padà dé, wọn a máa dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ oyè. Ìdájọ́ méjì ni mo ń gbọ́ lórí rẹ̀ nílùú. Èkíní ni pé ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́, ará oko ni. Èkejì ni pé ológbò ní í jẹ ẹja àìsè, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Àwọn méjèèjì ń dájọ́ kí ẹjọ́ tó dé iwájú wọn. Èkíní ni ó dùn mí jù, nítorí ẹnu àwọn ọmọ ni ó ti ń jáde, wọ́n sì ti ń fi ojú rẹ̀ wo ẹja inú àwo ìyá wọn bí ohun ìtìjú. Mo fẹ́ kí a wo oúnjẹ yìí bí a ti ń wo ìwé tàbí ìlù: kí ni ó jẹ́, kí ni ó ń wá, ǹjẹ́ èyí tí wọ́n ń tà fún wa lórúkọ rẹ̀ rí ohun tí ó ń wá, èló sì ni. Ohun tí ó wù mí àti ohun tí mo kọ̀ yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Lámèyítọ́ oúnjẹ tí kò ní èyí tí ó wù ú, n kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Sushi kì í ṣe orúkọ ẹja, kò sì túmọ̀ sí àìsè. Inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí àwọn ará Jàpáánì fi ń pe ohun tí ó kan ni ó ti wá, ìrẹsì ni ó sì ń kan. Èyí tí ó lọ́jọ́ lórí jù nínú irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní narezushi, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn yóò la ẹja, wọn yóò kó ìfun rẹ̀ dànù, wọn yóò fi iyọ̀ pa á, wọn yóò sì tò ó pọ̀ mọ́ ìrẹsì sísè nínú àgbá onígi, wọn yóò gbé òkúta lé e lórí, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìrẹsì náà yóò kan. Kíkan rẹ̀ ni kì yóò jẹ́ kí ẹja jẹrà. Bí wọ́n bá ṣí i, ìrẹsì ni wọn yóò dà nù, ẹja ni wọn yóò jẹ. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni ọgbọ́n yìí ti jáde, kí ó tó dé Ṣáínà àti Jàpáánì. Títí di òní, ní etí adágún Biwa, wọ́n ṣì ń fi ẹja inú adágún náà ṣe irú rẹ̀ kan tí ń jẹ́ funazushi. Òórùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Jàpáánì gan-an fi ń di imú sá fún un.

Ẹni tí ó bá mọ lanhouin yóò ti máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní etíkun wa, láti Grand-Popo títí dé Cotonou, àwọn obìnrin ń mú ẹja òkun, wọn a fọ̀ ọ́ mọ́, wọn a jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ara rẹ̀ rọ̀, wọn a fi iyọ̀ pa á, wọn a bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọn yóò sá a sóòrùn. Àwọn ará Togo ń jẹ ẹ́, àwọn ará Gánà sì ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní momone. Gígé kékeré kan, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó láti yí ìkòkò ọbẹ̀ kan padà. Òórùn rẹ̀ ń ṣáájú ẹni tí ó rù ú wọ ọjà. Àwa tí a ń jẹ irú, tí a ń jẹ lanhouin, tí a ń jẹ ògì tí ó ti kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kò yẹ kí ìtàn sushi yà wá lẹ́nu. Ọ̀nà kan náà ni àwọn baba ńlá wọn àti àwọn ìyá ńlá wa rìn: bí kò bá sí yìnyín, iyọ̀ àti kíkan ni ó kù. Síbẹ̀, lanhouin kì í ṣe narezushi. Kò sí ọkà nínú rẹ̀, a kì í sì í jẹ ẹ́ bí ẹja. Èròjà ọbẹ̀ ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé ìròyìn yìí tán kí ó wá máa pariwo pé àwa ni a kọ́ àwọn ará Jàpáánì ní sushi. Irú ìpariwo bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù láàárín wa.

Báwo ni ẹja inú àgbá ṣe wá di ègé tí a ń rí lórí fóònù? Ìkánjú ni. Àwọn ènìyàn kò lè dúró de ọ̀pọ̀ oṣù mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ọtí kíkan sínú ìrẹsì kí ó lè kan lójú ẹsẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1830, ní ìlú Edo tí í ṣe Tokyo òde òní, Hanaya Yohei ni ìtàn fi orí oyè lé pé ó fi ọwọ́ di ìrẹsì bẹ́ẹ̀, tí ó gbé ẹja lé e, tí ó sì ń tà á. Ibi tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa fetí sí nìyí: àtẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni oúnjẹ náà ti gbilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń rà á. Wọn a dúró, wọn a jẹ ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta, wọn a nu ọwọ́, wọn a bá tiwọn lọ. Ègé ìgbà náà tóbi ju ti òní lọ dáadáa. Ẹja rẹ̀ náà kì í sábà jẹ́ àìsè pátápátá, nítorí pé kò sí yìnyín ní Edo. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi sóyà, wọn a fi ọtí kíkan pa á, tàbí kí wọ́n sè é. Ọ̀rá ikùn ẹja tuna, tí àwọn olówó ayé ń jà sí lónìí, dídà ni wọ́n ń dà á nù nígbà náà, wọ́n ní ọ̀rá rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì ń tètè bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pé oúnjẹ ọlọ́lá ni sushi láti ìbẹ̀rẹ̀. Arákùnrin sushi gan-an, ní tèmi, ni àkàsà àti ẹja díndín tí àwọn obìnrin ń tà fún àwọn awakọ̀, àwọn alágbàrù àti àwọn ọlọ́kadà zẹ́mìjàn ní Igolo, níbi tí ọ̀nà Àjàṣẹ́ ti kan ààlà Nàìjíríà. Ọkà tí ó kan díẹ̀, ẹja, ata tí ń ta ní imú. Ìkánjú ni ó bí àwọn méjèèjì. Nígbà tí sushi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní Jàpáánì fúnra rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wọn kan tí ń jẹ́ Shiraishi Yoshiaki ni ó tún dá a padà sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ó rí bí ẹ̀rọ ṣe ń ti ìgò ọtí lọ ní ilé iṣẹ́ ọtí bíà, ó sì ṣe irú rẹ̀ sí ilé oúnjẹ ní ẹ̀bá Osaka ní ọdún 1958: àwo ń yí lọ níwájú àwọn oníbàárà, kálukú ń mú èyí tí ó wù ú, kò sí pé à ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò gbé e wá. Owó rẹ̀ já wálẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Shiraishi yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ilé oúnjẹ wa gbogbo, dípò àwọn òkè ńlá oníyìnyín tí wọ́n ń yà síbẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ní ọjà ẹja Toyosu ní Tokyo, oníṣòwò sushi kan, Kiyoshi Kimura, ra ẹja tuna kan ṣoṣo tí ó wọn kílò 278 ní owó yen tí ó lé ní mílíọ̀nù 333. Ìpolówó ọjà ni, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀; ọjà ọdún tuntun ni wọ́n ń ṣí. Ṣùgbọ́n irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni ó ń dé etí wa, kì í ṣe ti àwo tí ń yí. A gba orúkọ oúnjẹ náà pẹ̀lú owó rẹ̀ tí ó ga jù, bí ẹni tí ó ra ìwé nítorí góòlù tí ó wà lára èèpo rẹ̀.

Mo ti jẹ ẹ́ ní ibi méjì ní Cotonou. N kò ní dárúkọ ibi kankan, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, alásè sì lè ní ọjọ́ tí kò dára. Ní ibi àkọ́kọ́, inú ẹ̀rọ amómitutù ni wọ́n ti fa ìrẹsì náà yọ. Ó tutù, ó le, ó ń tú ká lórí ahọ́n bí iyanrìn. Àṣìṣe ńlá ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tí ó wu ẹnìkan tàbí ohun tí kò wù ú. Àwọn tí ó ni oúnjẹ náà gbà pé kí ìrẹsì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, kí ẹja orí rẹ̀ sì tutù díẹ̀ jù ú lọ. Inú ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni adùn wà. Ẹni tí ó bá gbé ìrẹsì dídì fún wa, tí ó sì gba owó ọlọ́lá, ó ti gbàgbé apá tí ó fún oúnjẹ náà lórúkọ. Ṣúgà tí wọ́n fi sínú rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó bo kíkan mọ́lẹ̀. Ní ibi kejì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọmọ ìlú wa ni ó ń di í, ìrẹsì rẹ̀ gbóná mọ níwọ̀n, ó kan dáadáa, edé sísè tí ó gbé lé e sì dùn débi pé mo dákẹ́. Edé náà ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo jẹ, sísè sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé owó dé, mo ṣírò rẹ̀: ohun tí èmi nìkan jẹ, láìyó, lè ra ẹja fún ìkòkò ọbẹ̀ ilé mi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Níbi méjèèjì, ẹja tí ó pọ̀ jù nínú àwo ni saumon, tí kì í lúwẹ̀ẹ́ nítòsí Cotonou rárá. Ìtàn ẹja yìí yẹ fún àkíyèsí wa. Àwọn ará Jàpáánì kò ní àṣà jíjẹ saumon ní àìsè tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kòkòrò ń wà nínú ara èyí tí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, sísun ni wọ́n ń sun ún. Àwọn ará Nọ́wè, tí wọ́n ti sin saumon tí ó pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè tà lọ, ni wọ́n gbéra lọ sí Jàpáánì láàárín ọdún 1980 sí 1990, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún polówó rẹ̀, tí wọ́n ní tiwọn mọ́, ó ṣeé jẹ láìsè. Ìwọ̀nba ọdún péré, ó ti di ẹja tí àwọn ọmọ Jàpáánì fẹ́ràn jù lórí sushi. Orílẹ̀-èdè Nọ́wè yìí kan náà ni ó ń ta ẹja gbígbẹ líle, stockfisch, fún ìhà wa. Ní erékùṣù Lofoten ni wọ́n ti ń fi í kọ́ sórí igi, tí afẹ́fẹ́ òtútù ń gbẹ ẹ́ láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Orí rẹ̀ tí wọ́n ti gé kúrò, ọjà Nàìjíríà ni púpọ̀ rẹ̀ ń lọ. Ẹ rí i báyìí: ọlọ́jà kan náà ta ẹja rírọ̀ fún ẹnìkan, ó ta orí líle fún ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì sì ń pe tiwọn ní oúnjẹ ìbílẹ̀. N kò bú Nọ́wè. Ó mọ oníbàárà rẹ̀ ni. Ohun tí mo ń bi ni pé, bí adùn ẹnu bá ṣeé kọ́ ní ogún ọdún, èwo nínú adùn ẹnu wa ni ó jẹ́ tiwa, èwo ni ti olùpolówó?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹja tí ó wù mí, kí ẹ lè mọ irú ahọ́n tí ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ọbòkún inú ọ̀sà Àjàṣẹ́ ni ọba wọn lójú mi, bí wọ́n bá fi ata àti efinrin sè é, tí omi rẹ̀ ṣàn. Ara rẹ̀ funfun, ó rọ̀ láìjẹ́ pé ó ń fọ́. Ẹja àrọ̀ tútù (mo ní tútù, ẹ ti rí i pé a kò lè sá fún ọ̀rọ̀ náà) kì í wù mí, nítorí yíyọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ká a, tí wọ́n fi igi gún ìrù mọ́ ẹnu rẹ̀, tí èéfín sì ti wọ̀ ọ́ títí tí awọ rẹ̀ fi dán bí bàtà, ẹ má fi mí sílẹ̀ nìkan pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà ní láti tútù ni a ti ń ká ẹja kò. Gbogbo ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ yìí bá ọmọ wí, ó sì dà bí ẹni pé a ti gbàgbé pé ìlànà iṣẹ́ ni kí ó tó di òwe. Epìyà dùn, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí ó ti wá. Èyí tí wọ́n kó nínú àkájà, igbó ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja Ganvié àti ti adágún Nokoué ń gbìn sínú omi kí ẹja lè máa sá pamọ́ síbẹ̀, ara rẹ̀ mọ́. Èyí tí ó wá láti inú ọ̀gọ̀dọ̀ tí a kò tọ́jú omi rẹ̀, òórùn ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀ tí ata kankan kò lè bò. Àwọn tí ń sin ẹja dáadáa wà nítòsí wa, bíi ti Songhaï ní Àjàṣẹ́, tí Bàbá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Wọ́n ti fi hàn pé kì í ṣe dandan kí ẹja ọ̀gọ̀dọ̀ máa rùn. Ṣáwá, egungun rẹ̀ ń dán sùúrù wò. Títùs lọ́ràá ju bí mo ti fẹ́ lọ.

Silivi ńkọ́, tí àwọn ìwé ń pè ní chinchard? Ẹja aláìní nìyí, ẹja páálí, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń tijú rẹ̀. Ilé ìtajà tí gbogbo wa ń pè ní poissonnerie ni a ti ń rà á. Ara rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó sì ní ìpẹ́ líle kan tí ó tò bí ìdè ìlẹ̀kẹ̀ láti àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdí ìrù. Bí a bá dín in kí ó gbẹ, tí a jẹ́ kí ó sùn mọ́jú nínú ata díndín, adùn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ju ti ọ̀pọ̀ ẹja olówó iyebíye lọ. Mo ń sọ èyí láìṣe ẹ̀tàn: bí wọ́n bá gbé saumon àìsè àti silivi ọjọ́ kejì síwájú mi, silivi ni mo máa kọ́kọ́ kàn. Saumon rọ̀, ó ń yọ̀, ó yọ́ bí bọ́tà, lẹ́yìn náà kò sí ohun tí a ó tún bi í. Adùn yíyọ́ ni àwọn ará Jàpáánì ń wá lára ẹja. Èmi ń wá ohun tí eyín yóò bá wọ̀jà.

Ọ̀rọ̀ orí ẹja tún wà. Nínú ilé wa, ìjíròrò ni orí ẹja jẹ́: ta ni ó ni í, ta ni ìyá fún ní ìrù, ta ni ó mọ bí a ti ń tú egungun orí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé èyí tí ó rọ̀ lẹ́yìn ojú. Sushi kò ní orí. Kò ní egungun, kò ní awọ. Ègé tí ó dọ́gba, tí ó mọ́, tí kò sọ ibi tí ó ti wá. Ní ọjà, mo lè ṣí ẹ̀yìn etí ẹja wò bóyá ó pọ́n, mo lè wo ojú rẹ̀ bóyá ó yọ síta tàbí ó ti rì, mo lè fi ìka tẹ ara rẹ̀. Lórí àwo sushi, gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí ti lọ. Ọwọ́ ẹni tí ó gé e nìkan ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Ní Tokyo, ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ní ìpìlẹ̀, ó ní ọjà, ó ní olùbẹ̀wò, ó ní ọ̀dọ́ tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún sin ọ̀gá. Níhìn-ín, ìyá ẹlẹ́ja tí mo mọ̀, tí ó mọ̀ mí, ni ìpìlẹ̀ tèmi. Kò sì tíì sọ fún mi rí pé kí n jẹ ẹja rẹ̀ láìsè.

Níbi tí a dé yìí, ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ líle, nítorí pé àwọn ọmọ ti bi mí léèrè bóyá wọ́n lè fi epìyà ṣe sushi nílé. Rárá ni. Ẹja omi dídùn ni ó léwu jù láti jẹ ní àìsè. Ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Táílándì, oúnjẹ kan wà tí ń jẹ́ koi pla, ẹja odò tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ láìsè, tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Kòkòrò tí ń gbé inú ẹja náà ń wọ ẹ̀dọ̀, ó sì ti fa àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Kíkan ọsàn kò pa kòkòrò náà. Ata kò pa á. Ẹja òkun náà ní kòkòrò tirẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi sọ pé ẹja tí a ó jẹ ní àìsè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì ní ìwọ̀n òtútù ogún lábẹ́ òdo fún wákàtí 24 ó kéré tán, tàbí márùndínlógójì lábẹ́ òdo fún wákàtí 15. Àwọn ẹja sísìn kan wà lára àwọn tí ó yọ sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ojú omi Jàpáánì tí ń pẹja tuna ní òkun jíjìn ń dì í ní nǹkan bí ọgọ́ta lábẹ́ òdo.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Púpọ̀ nínú ẹja tí àwọn olówó Paris ń jẹ gẹ́gẹ́ bí frais àti cru ti jẹ́ congelé rí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Faransé fi pa òtítọ́ náà mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi sọ ọ́. Tútù ni, tútù ni, tútù ni. Mo ti ń gé máàkì àwọn ọmọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, n ó sì máa gé e nìṣó nítorí ìdánwò BEPC, ṣùgbọ́n inú mi ń rẹ́rìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé silivi inú páálí, kí ó gé e lé orí ìrẹsì. Dídì kan yàtọ̀ sí dídì mìíràn. Ẹja tí ó dì ní ọkọ̀ ojú omi, tí ó yọ́ nígbà tí iná mànàmáná lọ, tí ó tún dì nígbà tí iná dé, tí ó tún yọ́ lórí àtẹ nínú oòrùn Igolo, kì í ṣe ẹja sushi. Nínú ẹja bíi títùs àti silivi àti tuna, ooru ń jẹ́ kí ohun kan tí wọ́n ń pè ní histamine pọ̀ nínú ẹran rẹ̀. Ojú ń pọ́n, orí ń fọ́, ara ń yún. Èyí tí ó burú jù ni pé iná kò lè mú un kúrò mọ́ bí ó bá ti wà níbẹ̀.

Ǹjẹ́ sushi tí ó dára, tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, lè wà ní agbègbè wa? Mo gbà pé ó lè wà, bí a bá dẹ́kun wíwá saumon. Ohun tí mo jẹ ní ibi kejì yẹn kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́: edé sísè ni ó borí. Ìrẹsì Glazoué wà. Edé wà, akàn wà ní Nokoué. Ẹja yíyan wà ní Àjàṣẹ́, àwọn ará Jàpáánì náà sì ń gbé ẹja yíyan lé sushi tiwọn, ọ̀jọ̀là omi sísun àti ẹyin díndín pẹ̀lú. Alásè tí ó bá mọ iṣẹ́ lè di ìrẹsì tí ó kan dáadáa, kí ó fi ègé ọbòkún yíyan lé e, kí ó fi ata rodo díẹ̀ sáàárín níbi tí wọ́n ń fi wasabi sí, kí ó sì tà á ní owó tí olùkọ́ lè san. Yóò jẹ́ sushi ní òtítọ́, ju ìrẹsì dídì onísúgà lọ, nítorí pé kíkan ọkà ni orúkọ náà ń wí. Òkun wa náà kò ṣàìní tuna. Abidjan àti Tema ni púpọ̀ nínú tuna ìhà wa ń gbà lọ sínú agolo. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà òtútù tí kò já láàárín ọkọ̀ ojú omi àti àwo. Jàpáánì ti ṣe ìrànlọ́wọ́ fún èbúté àwọn apẹja ìbílẹ̀ ní Cotonou, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti èbúté yẹn dé Igolo, orí alùpùpù ni ẹja ń jókòó, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi àpò bò, yìnyín rẹ̀ sì ti di omi kí ó tó kọjá Àjàṣẹ́.

Bí mo bá jẹ́ ẹni tí ń kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, yìnyín ni n ó béèrè, kì í ṣe ilé oúnjẹ. Ẹ̀rọ yìnyín kan ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Igolo, tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja yóò máa ra yìnyín rẹ̀ ní ìdájí ní owó pọ́ọ́kú, yóò ṣe adùn ẹnu wa lóore ju àwo sushi ọgọ́rùn-ún lọ. Ọbòkún yóò dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ojú rẹ̀ tí ó ń dán. Silivi kì yóò máa yọ́ kí ó tún máa dì. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ di ìrẹsì kí ó gbé ẹja lé e, n ó jókòó síwájú rẹ̀, n ó sì sọ ohun tí mo bá rí. Ní báyìí ná, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ní ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń dín ẹja lẹ́yìn ibùdókọ̀, àkàsà méjì àti silivi kan ni mo ń rà, ìdajì tí ó ní ìrù, kí ó dín in títí tí ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi máa dún lábẹ́ eyín.